Ibi tí wọ́n ti rí Kepler-16b kọ́ ni wọ́n bí i sí

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, Laurance Doyle, onímọ̀ ìràwọ̀ ní SETI Institute ní Kalifọ́níà, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kéde pé àwọn ti rí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yípo ìràwọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kepler-16b ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá lè wà lójú ọ̀run ibẹ̀, oòrùn méjì ni yóò máa rí tí wọ́n ń yọ tí wọ́n sì ń wọ̀, ọ̀kan tóbi, ó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, èkejì kéré, ó sì pupa. Àwòrán oòrùn méjì yẹn ló gba ìròyìn kan nígbà náà, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń rántí rẹ̀ títí dòní. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi òun ló jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà: báwo ni pílánẹ́ẹ̀tì yìí ṣe dé ibi tó wà? Tí a bá fi ohun tí a mọ̀ nípa bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń di odidi wò ó, agbègbè tí wọ́n ti bá Kepler-16b kò ṣeé bí pílánẹ́ẹ̀tì sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe rí i, torí ẹ̀rí ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé. Kepler ni orúkọ awò awọ̀nàjíjìn tí NASA gbé lọ sí gbalasa òfuurufú ní oṣù Kẹta ọdún 2009. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rán an: kó tẹjú mọ́ nǹkan bí 150,000 ìràwọ̀ ní apá ibì kan lójú ọ̀run, kó má ṣe gbójú kúrò, kó sì máa kọ bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe pọ̀ tó sílẹ̀. Bí nǹkan kan bá gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dín kù fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà á padà sípò.

Kepler-16 kọ́kọ́ ṣe ohun tí ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po máa ń ṣe. Ní ọjọ́ mọ́kànlélógójì-mọ́kànlélógójì, èyí tó kéré á bọ́ síwájú èyí tó tóbi, ìmọ́lẹ̀ á sì fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Bó bá yí sí òdìkejì, tí èyí tó tóbi bo èyí tó kéré, ìdínkù náà kì í ju ìdá 1.6 lọ. Títí dé ibẹ̀, kò sí ohun àjèjì kankan, ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀run. Àmọ́ ìdínkù kẹta wà níbẹ̀, ìdá 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkẹrin sì tún wà tó kéré gan-an, ìdá 0.1 péré. Àwọn méjèèjì yìí kò bá ìṣirò ọjọ́ 41 yẹn mu rárá.

Ìdínkù kẹta yẹn ni mo fẹ́ ká dúró tì díẹ̀. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ títí di ìgbà kejì, ọjọ́ 230.3 ló jẹ́. Láti ìgbà kejì sí ìgbà kẹta, ọjọ́ 221.5. Pílánẹ́ẹ̀tì kì í kánjú, kì í sì í ṣe ìmẹ́lẹ́ lọ́nà. Ká ní ìràwọ̀ kan tó dúró sójú kan ló ń yípo ni, iye ọjọ́ kan náà ni ì bá máa gbà á kó tó tún kọjá níwájú rẹ̀. Kí ló wá mú un yá ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án? Ìràwọ̀ náà ni kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Òun àti èkejì rẹ̀ ń yí ara wọn po, nítorí náà nígbàkígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì bá dé, ibòmíràn ló máa ń bá a. Nígbà tí wọ́n ṣírò ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ìdínkù kẹta àti ìkẹrin ṣẹlẹ̀ bá a mu rẹ́gí. Kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ju ohun kan tó ń yípo àwọn méjèèjì pọ̀ lọ.

Ohun náà tún ń fa àwọn ìràwọ̀ gan-an. Àkókò tí ìràwọ̀ kan ń bo èkejì ń yẹ̀ síwá sẹ́yìn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ìyẹ̀ kékeré yẹn ni wọ́n sì fi mọ ìwúwo rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo Júpítà, tí kò jìnnà sí ti Sátọ̀n. Pílánẹ́ẹ̀tì ńlá ni, kì í ṣe òkúta lásán.

Ìràwọ̀ tó tóbi nínú àwọn méjèèjì wúwo tó ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo oòrùn wa, èyí tó kéré tó ìdá 20. Ààrin wọn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 33 kìlómítà lọ, bẹ́ẹ̀ oòrùn wa àti Mẹ́kúrì tó sún mọ́ ọn jù pàápàá jìnnà síra tó mílíọ̀nù 58. Pílánẹ́ẹ̀tì náà wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 105 kìlómítà sí wọn, ọjọ́ 229 ló sì fi ń yípo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ Àgùàlà, tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá, ti mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe gùn tó: mílíọ̀nù 108 kìlómítà ni Àgùàlà jìnnà sí oòrùn, ọjọ́ 225 ni ọdún rẹ̀. Àmọ́ Àgùàlà gbóná débi tí òjé lè yọ́ lórí rẹ̀, nígbà tí Kepler-16b tutù, láàárín nǹkan bí òdo-dín-70 sí òdo-dín-100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, torí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ méjèèjì tí a pa pọ̀ kò tó ti oòrùn wa.

Ibi tí wọ́n wà tó nǹkan bí 245 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín ọdún kan), ní agbègbè ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Cygnus. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Pọ́tónófò lè rí agbègbè náà lójú ọ̀run lápá àríwá ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró. Ìràwọ̀ Deneb tó mọ́lẹ̀ dáadáa ni kí ó fi ṣe àmì. Ojú lásán kò lè rí Kepler-16 fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára kéèyàn mọ ìhà ibi tí ọ̀rọ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí a bá wá mọ iye wọ̀nyí tán ni ìbéèrè yóò tó yọjú. Ní ọdún 1999, Matthew Holman àti Paul Wiegert ti fi kọ̀ǹpútà wo bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe lè sún mọ́ ìràwọ̀ méjì tó kí ìfà-síhìn-ín-fà-sọ́hùn-ún wọn tó gbá a dànù. Ààlà kan wà. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá wà lóde ààlà náà lè yípo fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún láìsí wàhálà, èyí tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò fi já sínú gbalasa òfuurufú tàbí tí yóò fi ya lu ìràwọ̀. Tí a bá fi ìṣirò wọn wo Kepler-16, ààlà náà bọ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 96 kìlómítà. Pílánẹ́ẹ̀tì wà ní 105. Kìlómítà mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ló kù kó bọ́ sínú ewu, nínú ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ìyẹn kò tó nǹkan kan.

Ibi tó wà lónìí kò léwu fún un. Ó ti dàgbà, ó wúwo, ọ̀nà rẹ̀ ti dúró. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni bóyá ibẹ̀ gba àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n fi mọ ọ́n láàyè nígbà tí kò tíì di pílánẹ́ẹ̀tì.

Bí ìràwọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, agbo gáàsì àti eruku tó tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń wà ní àyíká rẹ̀, tó ń yípo rẹ̀. Inú agbo yẹn ni eruku ti ń lẹ̀ mọ́ eruku, tó ń di òkò wẹ́wẹ́, tí òkò wẹ́wẹ́ ń kóra jọ di òkúta tó fẹ̀ tó kìlómítà, tí òkúta ń bá òkúta lẹ̀, títí tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi ní òòfà tó lè máa fa ìyókù mọ́ra. Bí ohun líle tó wà láàárín náà bá wúwo tó bí ìlọ́po mẹ́wàá ayé wa, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa gáàsì wọlé, ó sì lè di irú Sátọ̀n tàbí Júpítà. Àsìkò kò sì dúró dè é, torí agbo gáàsì náà kì í pẹ́ ju mílíọ̀nù ọdún mélòó kan lọ kó tó túká. Ohun tó bá fẹ́ di pílánẹ́ẹ̀tì ńlá gbọ́dọ̀ tètè ṣe é.

Ibi tó ti le jù ni ìpele òkúta tó fẹ̀ tó kìlómítà. Mú òkúta kan tó jẹ́ kìlómítà kan láti àárín rẹ̀ dé etí. Òòfà rẹ̀ kò lágbára rárá, ohun tó bá ti ń sáré ju nǹkan bíi mítà kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òkúta náà kò lè dì í mú. Ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn nìyẹn. Nítorí náà, kí òkúta méjì tó lè lẹ̀ pọ̀ di ńlá, wọ́n gbọ́dọ̀ rọra kan ara wọn. Bí wọ́n bá fi ìyára ya lu ara wọn, wọ́n á fọ́ túútúú, eruku tí wọ́n ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á padà dà.

Ní àyíká ìràwọ̀ kan ṣoṣo, rírọra kan ara yìí kò ṣòro. Àwọn òkúta ń lọ ní ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe róbótó, gbogbo wọn dorí kọ ibì kan náà, ìyára àwọn tó wà nítòsí ara wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Ní àyíká ìràwọ̀ méjì, òòfà tó ń fà wọ́n kì í dúró sójú kan. Ọ̀nà àwọn òkúta náà á di ẹyin, á gùn sí apá kan. Ìyẹn nìkan kò ní burú jù, torí bí gbogbo òkúta bá tóbi bákan náà, ọ̀nà gbogbo wọn á gùn sí apá kan náà, wọn ò ní máa dábùú ara wọn. Gáàsì inú agbo ló ba èyí jẹ́. Gáàsì a máa dí òkúta kékeré lọ́wọ́ ju òkúta ńlá lọ. Nígbà tó bá pẹ́, ọ̀nà àwọn òkúta kékeré á ti kọjú sí apá kan, ti àwọn ńlá á kọjú sí apá mìíràn, wọ́n á sì máa gba ojú ọ̀nà ara wọn kọjá. Òkúta kékeré àti òkúta ńlá á wá máa ya lu ara wọn pẹ̀lú ìyára tó ju ohun tí òòfà wọn lè gbà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ní ọdún 2012, kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n kéde Kepler-16b, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ti gbé ìbéèrè yìí ka orí kọ̀ǹpútà. Stefano Meschiari wo Kepler-16 ní pàtó. Sijme-Jan Paardekooper, Zoë Leinhardt, Philippe Thébault àti Clément Baruteau wo òun àti Kepler-34b pẹ̀lú Kepler-35b, pílánẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, tí àwọn náà ń yípo ìràwọ̀ méjì-méjì. Èsì wọn dọ́gba nínú ohun tó ṣe pàtàkì: níbi tí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí wà lónìí, fífọ́ ló ń borí lílẹ̀. Òkúta tó fẹ̀ tó kìlómítà kò lè dàgbà níbẹ̀ bó ṣe yẹ.

Níbo ni wọ́n wá bí i sí? Ibi tó jìnnà sí àwọn ìràwọ̀ méjèèjì. Bí a bá ń jìnnà sí wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ìràwọ̀ jẹ́ méjì àti kí ó jẹ́ ọ̀kan á máa parẹ́, torí láti ọ̀nà jíjìn òòfà méjèèjì ń fà bí ẹni pé ibì kan ni ó ti wá. Ọ̀nà àwọn òkúta ibẹ̀ á padà súnmọ́ róbótó. Ibẹ̀ sì tutù, omi tó wà nínú agbo ti di yìnyín, ohun líle tí wọ́n lè fi mọ pílánẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí i. Ohun gbogbo tí kò ṣeé ṣe ní ìtòsí ṣeé ṣe lókèèrè.

Ó wá ku ọ̀nà tó gbà dé ìtòsí. Ibí yìí ni mo rí ohun tó wú mi lórí jù, torí pé wọ́n ti sọ ọ́ kí wọ́n tó rí pílánẹ́ẹ̀tì kankan bẹ́ẹ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá wà nínú agbo gáàsì kì í dá rìn. Òòfà rẹ̀ ń fa gáàsì tó wà nínú àti lóde ọ̀nà rẹ̀, gáàsì náà ń fà á padà, gáàsì tó wà lóde sì sábà máa ń borí, yóò sì máa gba agbára ìyípo lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń pàdánù rẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ ń kéré, tó ń sún wọlé. Ní àyíká ìràwọ̀ kan, ó lè sún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìràwọ̀ náà. Ní àyíká ìràwọ̀ méjì, ohun kan wà tó ń dá a dúró.

Ohun náà ni àlàfo àárín agbo. Bí a bá fi orógùn ro omi yíká-yíká nínú ìkòkò, àárín rẹ̀ á jìn wọnú, omi á gun etí. Ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po ń ṣe irú bẹ́ẹ̀ sí gáàsì: wọ́n ń tì í jáde kúrò ní ìtòsí wọn. Pawel Artymowicz àti Stephen Lubow fi hàn ní ọdún 1994 pé àlàfo yẹn máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ààrin ìràwọ̀ méjèèjì. Ní etí àlàfo náà, gáàsì tó wà níta pọ̀ gidi, èyí tó wà nínú ṣàn díẹ̀ ni. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá sún débẹ̀, ìfà tó ń mú un wọlé àti èyí tó ń tì í jáde á wá dọ́gba, á dúró. Arnaud Pierens àti Richard Nelson ti fi èyí hàn lórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2007 àti 2008, kí Kepler tó kúrò lórí ilẹ̀. Wọ́n tún rí nǹkan kan tí ó yẹ ká di mú: èyí tó bá wúwo tó Sátọ̀n lè dúró sí etí àlàfo láìséwu, ṣùgbọ́n èyí tó bá wúwo tó Júpítà lè sún ju bó ṣe yẹ lọ, kí àwọn ìràwọ̀ sì gbá a dànù.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni Kepler-16b jáde sójú ayé. Ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Sátọ̀n. Ibi tó wà jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ ààrin ìràwọ̀ méjèèjì, ní etí ibi tí àlàfo yẹ kó wà gan-an. Ọ̀nà rẹ̀ ṣe róbótó gbáà. Ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bá ti àwọn ìràwọ̀ méjèèjì mu, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìlàjì dígíríì. Joshua Winn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wọn bí ìràwọ̀ ńlá náà ṣe ń yí lórí ara rẹ̀, ìyẹn náà dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà tí òun àti èkejì rẹ̀ ń gbà yí ara wọn po. Ìràwọ̀ méjì àti pílánẹ́ẹ̀tì kan, gbogbo wọn ń yí sí apá kan náà lórí ìtẹ́jú kan náà. Bí pílánẹ́ẹ̀tì yìí bá jẹ́ ti ibòmíràn, tí àwọn ìràwọ̀ yìí kàn rí gbà mú nígbà tó ń kọjá lọ, kò sí ìdí tí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀. Agbo kan náà ló bí wọn.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi gbà pé ìrìn àjò ni. Àlàfo inú agbo àti ààlà Holman àti Wiegert kò jìnnà síra, torí òòfà kan náà ló fà á tí gáàsì kò fi lè dúró níbẹ̀ tí pílánẹ́ẹ̀tì náà kò sì lè dúró. Nítorí náà, ká ní àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí rìn wọlé tí àlàfo dá wọn dúró ni, ó yẹ ká máa bá púpọ̀ nínú wọn nítòsí ààlà náà, lóde díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Púpọ̀ nínú àwọn tí awò Kepler rí wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé pílánẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí rọrùn láti rí ju èyí tó wà lókèèrè lọ, ìyẹn sì lè sọ iye wọn di púpọ̀ lójú wa. Ẹ wá wo Kepler-1647b tí wọ́n kéde ní ọdún 2016: Júpítà ló tó ní títóbi, ọjọ́ 1,107 ló fi ń yípo ìràwọ̀ méjì rẹ̀, ó jìnnà gan-an sí ààlà. Pílánẹ́ẹ̀tì ńlá lókèèrè, àwọn tí kò tó o nítòsí. Ohun tí Pierens àti Nelson ti sọ nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ní ọdún 2013, Roman Rafikov kọ pé àwọn tó ní ibẹ̀ kò ṣeé bí pílánẹ́ẹ̀tì sí gbàgbé òòfà agbo náà fúnra rẹ̀. Bí agbo bá wúwo tó, òòfà tirẹ̀ lè mú ọ̀nà àwọn òkúta yí lọ́nà tó yára ju bí ìràwọ̀ ṣe ń yí i lọ, ọ̀nà wọn kò sì ní gùn tó bí a ṣe rò, ìyára tí wọ́n fi ń kan ara wọn á dín kù. Àlàyé tó péye ni, mi ò lè jù ú nù. Àmọ́ ó béèrè agbo tó wúwo púpọ̀ tó sì ṣe róbótó dáadáa, nígbà tí ohun tí àwọn mìíràn ń rí lórí kọ̀ǹpútà ni pé ìràwọ̀ méjì máa ń sọ agbo gan-an di ẹyin, pàápàá nítòsí etí àlàfo. Àlàyé ìrìn àjò kò béèrè nǹkan kan tó ṣọ̀wọ́n. Ohun tí agbo gáàsì máa ń ṣe níbi gbogbo ló kàn lò. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ọdún 2020 tún ti yí apá kan padà: wọ́n ní òkò wẹ́wẹ́ tí gáàsì ń gbé wọlé ló ń bọ́ pílánẹ́ẹ̀tì, wọn kò dúró lórí òkúta tó fẹ̀ tó kìlómítà nìkan mọ́. Gavin Coleman, Nelson àti Amaury Triaud fi ọ̀nà yìí mọ irú pílánẹ́ẹ̀tì Kepler-16 àti Kepler-34 lórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2023. Bí ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ tilẹ̀ yí padà, àwọn tó wá dúró nítòsí etí àlàfo ṣì jẹ́ àwọn tó rìn débẹ̀.

Àlàfo yìí kì í ṣe ohun orí kọ̀ǹpútà lásán, ojú ti rí i. Ní agbègbè ìràwọ̀ Taurus, tó tó nǹkan bí 450 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa, ìdílé ìràwọ̀ ọ̀dọ́ kan wà tó ń jẹ́ GG Tau A. Agbo eruku àti gáàsì ńlá kan yí wọn ká bí òrùka, àárín rẹ̀ sì ṣófo. Awò ALMA tó wà ní aṣálẹ̀ Atacama ní Ṣílè wò ó, Anne Dutrey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kéde ní ọdún 2014 pé àwọ́n rí gáàsì tó ń ṣàn láti ara òrùka náà la àárín àlàfo kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀. Àárín kò ṣófo pátápátá, oúnjẹ ṣì ń wọlé fún àwọn ìràwọ̀. GG Tau A tóbi ju Kepler-16 lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìràwọ̀ rẹ̀ sì ju méjì lọ, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó kàn fi hàn pé ohun tí ìṣirò ní kó ṣẹlẹ̀ sí agbo ń ṣẹlẹ̀ ní ti gidi.

Ẹ̀rí lórí Kepler-16b fúnra rẹ̀ kò dúró lórí awò kan mọ́. Ọ̀nà pílánẹ́ẹ̀tì náà ń fì díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ, torí òòfà àwọn ìràwọ̀ méjèèjì. Nítorí èyí, kò gba iwájú ìràwọ̀ kékeré kọjá mọ́ láti ọdún 2014, kò sì gba iwájú ìràwọ̀ ńlá mọ́ láti ọdún 2018. Ìṣirò Doyle àti àwọn tirẹ̀ ní ó di nǹkan bí ọdún 2042 kí ó tó padà sójú ọ̀nà wa. Ká ní Kepler gbéra lẹ́yìn ọdún 2018 ni, ìràwọ̀ méjì lásán ni ì bá rí. Wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbà. Awò kan tí dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1.93 wà ní Observatoire de Haute-Provence ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, òun ni Michel Mayor àti Didier Queloz fi rí pílánẹ́ẹ̀tì 51 Pegasi b ní ọdún 1995. Triaud àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò yẹn tẹ̀ lé bí ìràwọ̀ ńlá Kepler-16 ṣe ń sún mọ́ wa tó tún ń sún sẹ́yìn. Wọ́n yọ ìfà ìràwọ̀ kékeré kúrò, ohun kékeré kan ṣẹ́kù tó ń padà wá ní ọjọ́ 229-229. Ní ọdún 2022 wọ́n kéde ìwúwo tí wọ́n rí, ó sì bá ti àkọ́kọ́ mu láàárín ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Bí ìwúwo náà bá yí padà sí ti Júpítà, gbogbo àlàyé pé ó dúró jẹ́ẹ́ sí etí àlàfo ì bá mì.

Ohun kan ṣì wà tí àlàyé ìrìn àjò nìkan kò lè dá yanjú. Awò Kepler rí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ méjì tí wọ́n sún mọ́ ara wọn gan-an, tí wọ́n fi ọjọ́ mélòó kan péré yí ara wọn po. Àwọn ló yẹ kó rọrùn jù láti rí pílánẹ́ẹ̀tì ní àyíká wọn, síbẹ̀ wọn kò rí ọ̀kan gba iwájú irú àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ìyípo wọn kò tó ọjọ́ méje. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ń fún èyí ni pé wọn kò bí irú àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ nítòsí ara wọn. Ìràwọ̀ kẹta tó jìnnà ló ń fà wọ́n tí wọ́n fi ń sún mọ́ra, ìfà yẹn sì ti da ọ̀nà pílánẹ́ẹ̀tì rú, ó ti jù ú dànù tàbí ó ti dojú rẹ̀ kọ ibi tí a kò ti lè rí i. Kepler-16 kò fi àmì irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn: ìràwọ̀ rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra débi pé ọjọ́ 41 ni wọ́n fi ń yí ara wọn po, ohun gbogbo ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ títí dòní.